Ọ̀wọ́ Jíìpù Nínú Igbó Ìjẹ̀bú: Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ìdílé Jáde Fún Ọjọ́ Kan

Ìṣẹ́jú 45 la fi wá mọ́tò kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ kan. Márùn-ún la kó jáde. Nígbà tí a dúró sábẹ́ ìbòòji láti mu omi, mẹ́rin ló pé. Èyí tí ìyàwó àbúrò mi ń wà, tí ọmọ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ti yà sí ọ̀nà oko kòkó níbi oríta kan tí ẹnì kankan nínú wa kò dúró sí. Fóònù ò gbé níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló ṣìnà o, àwa la já a sílẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti kọrí síwájú, eruku sì bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, ọ̀nà méjì ló rí, kò sì sí mọ́tò lórí èyíkéyìí. Ọlọ́kadà kan tó gbé àpò kòkó ló júwe wọn fún wa. A bá a níbi tó páàkì sí, ó ti pa ẹ́ńjìnì, ó ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ. Òun ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, ó dúró sójú kan. Àwa la ò ṣe tiwa.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá wa jáde: nínú ọ̀wọ́ mọ́tò, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lẹ ń wakọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ táyà, jíà, okùn àti odò ṣe pàtàkì, mo sì máa sọ wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ gbogbo wọn tí kò mọ bí a ṣe ń wẹ̀yìn, ẹ má fi ìdílé yín tẹ̀ lé e.

Ibi tí ẹ máa lọ, àti ìgbà tí ẹ máa lọ

Ilẹ̀ wa dára fún irú ìgbádùn yìí. Láti ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé ìhà Ògbèrè, ọ̀nà tí àwọn agbégilódò là sínú igbó kò lóǹkà. Ní ìsàlẹ̀, tí ẹ bá dorí kọ Ìbíadé àti Ìwọ̀pin, ilẹ̀ ń di iyanrìn, omi sì ń sún mọ́lé. Ní Rẹ́mọ, ọ̀nà oko tó yí Ìlíṣàn àti Ìkẹ́nnẹ́ ká rọrùn. Ibẹ̀ ni mo máa ń mú ẹni tí kò tíì fi jíìpù kúrò lórí títì rí lọ, torí ilé kì í jìnnà, àwọn olóko sì pọ̀ lójú ọ̀nà tí èèyàn lè bi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa ronú kan igbó Ọmọ, pàápàá apá tí gbogbo wa ń pè ní J4. Igbó ńlá ni. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì fi í kún àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń mójú tó igbó, kó sì jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ igbó mú òun lọ. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kan. Àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ igbó yẹn kì í ṣe ẹni tó yẹ kí ọmọ yín pàdé. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ fi J4 sílẹ̀, ẹ gba ọ̀nà oko.

Tí ẹ bá gba Òkè-Ẹ̀rí kọjá, ẹ yà wo Erédò Sùngbọ́, yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó gùn tó 160 kìlómítà. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20. Ẹ páàkì sójú ọ̀nà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé táyà gun òkìtì yẹn. Erùpẹ̀ lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n, ibi tí táyà bá ti tẹ̀ ni òjò máa gbà wọ́ ọ lọ.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ilẹ̀ á ti gbẹ, odò á ti fà. Àtìbàbà eruku nìkan ni ìṣòro ìgbà ọyẹ́. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ilẹ̀ pupa wa máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ jáde nírú àkókò yẹn, kó mú un dá ara rẹ̀ lójú pé òun mọ iṣẹ́.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ orò kí ẹ tó mú ọjọ́. Ìgbà Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, sábà máa ń bọ́ sí oṣù keje, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kan àwọn Agẹmọ lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìlú wọn. Láwọn ìlú Rẹ́mọ pẹ̀lú, ọjọ́ Orò ni obìnrin kì í jáde. Ẹ pe ẹni tó ń gbé abúlé tí ẹ fẹ́ gbà kọjá, ẹ bi í bí ọjọ́ náà ṣe rí. Inú ọ̀wọ́ yín ni ìyá, ìyàwó àti ọmọbìnrin wà, ẹ ò lè máa wá ọ̀nà ìpadàsẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ti gbúròó ìlù.

Ọ̀rọ̀ ààbò ńkọ́? Ẹ má lọ síbi tí àwọn ará ibẹ̀ bá ti sọ pé kò dáa lákòókò yẹn, bó ti wù kí ẹ ti múra tó. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ọ̀nà tí ẹ máa gbà lọ, èyí tí ẹ máa gbà bọ̀, àti aago tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.

Mọ́tò tó lè lọ

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń yan fanda nígboro Ìjẹ̀bú-Òde, ẹsẹ̀ méjì níwájú nìkan ló ń fà, gíga lásán ló ga. Ẹ wò ó bóyá bọ́tìnì tàbí ọ̀pá jíà kékeré kan wà tí wọ́n kọ 2H, 4H àti 4L sí. 2H ni ti orí títì. 4H ni kí ẹ fi sí nígbà tí ẹ bá ti bọ́ sórí erùpẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́. 4L ni ti ibi tó le: òkè gíga, ẹrẹ̀ jíjìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ń rọra rìn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Ẹ dá mọ́tò dúró, ẹ fi jíà sí N, kí ẹ tó yí i sí 4L.

Ẹ má fi 4H rìn lórí ọ̀dà gbígbẹ, àyàfi tó bá jẹ́ pé irú mọ́tò tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nígbà gbogbo ni tiyín. Bí ẹ bá ti fẹ́ yí kọ́nà, ẹ máa rí i pé mọ́tò ń tìkọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ rìn jìnnà ju tẹ̀yìn lọ, irin tó so wọ́n pọ̀ ò gbà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bàjẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo bíréèkì, rẹdiétọ̀, bẹ́líìtì, bátìrì, àti abẹ́ mọ́tò. Ẹ yọ sípéà táyà síta kí ẹ wo afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí táyà tí ẹnikẹ́ni ò wò láti ọdún méjì ló máa ń jẹ́. Ẹ rọ epo kún. Bí mọ́tò bá ń rìn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú 4L, epo tí ẹ rò pé ó máa gbé yín dé Àgọ́-Ìwòyè lè má gbé yín jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé: ṣọ́bìrì, pákó méjì tó fẹ̀ tó sì nípọn, jáàkì, géèjì táyà, omi fún rẹdiétọ̀, ẹ̀rọ panápaná, síì-kọ́ṣọ̀n, tọ́ọ̀ṣì, pátíkúlà mọ́tò. Àwọn tí gbogbo ọ̀wọ́ lè jọ lò: ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì, àdá, okùn ìfàmọ́tò tó dáa, àpótí oògùn. Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tò ó sí. Ẹ má gbé kúlà omi àti jáàkì sẹ́yìn orí ọmọ láìdè é mọ́lẹ̀. Mọ́tò tó bá já sí kòtò lójijì máa sọ ọ́ sókè bí ẹni sọ bọ́ọ̀lù.

Títò lẹ́yìn ara wa

Mọ́tò mẹ́ta ni ó kéré jù lójú tèmi. Tí ọ̀kan bá rì, ìkejì á fà á, ìkẹta á lọ wá ìrànlọ́wọ́. Tó bá ti lé ní mẹ́fà, ẹ pín sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ gígùn a máa sọ ara rẹ̀ nù.

Ibi ìpàdé, aago méje àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibi tí fọkanáísà àti ilé epo wà, kí ẹni tó bá gbàgbé nǹkan lè rí i rà. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ mọ́tò, gbogbo yín á dúró yíká, títí kan àwọn ọmọ, ẹ ó sì sọ ìlànà tí mo fẹ́ kọ yìí sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó mọ ọ̀nà jù ló máa ṣíwájú. Ẹni tó mọ mọ́tò jù, tí okùn àti irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló máa kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọ̀gá síwájú, wọ́n á wá fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sẹ́yìn. Àṣìṣe ńlá ni. Tí ẹni tó kẹ́yìn bá rì, ta ló máa rí i? Àárín ni àyè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìkejì gan-an, kó máa wo bí táyà aṣíwájú ṣe ń gbà. Eré tó bá lè sá ni gbogbo ọ̀wọ́ máa sá.

Ẹ kọ nọ́ńbà sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn: 1, 2, 3, 4. Ẹni tó bá jẹ́ 3 ní àárọ̀, 3 náà ni títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ iye orí tó wà nínú mọ́tò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kúrò nínú mọ́tò bàbá rẹ̀ lọ sínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń ka orí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ọmọ fi lè ṣẹ́kù sẹ́yìn nìyẹn: ìyá rò pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá, bàbá rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá.

Oríta wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Bí ẹ bá dé oríta kan, tàbí ibi tí ọ̀nà ti yà, ẹ wo díńgí. Tí ẹ bá rí ẹni tó wà lẹ́yìn yín, tó sì hàn pé òun náà rí yín, ẹ yà. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ tan iná ẹ̀gbẹ́, ẹ má kúrò, kódà tí aṣíwájú bá ti lọ jìnnà. Òun náà ò ní lọ jìnnà púpọ̀, torí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á ti dúró dè yín, òun alára á rí i pé kò sẹ́ni lẹ́yìn òun mọ́, á sì dúró. Bí olúkúlùkù bá ṣe ojúṣe yìí, gbogbo ọ̀wọ́ á dúró fúnra rẹ̀ bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí a fà lẹ́yìn. Kò nílò fóònù. Kò nílò wọkí-tọ́kì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dáa tí ẹ bá ní. Bí a bá ṣe é lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, ìyàwó àbúrò mi ò ní rí ọ̀nà méjì tó ṣófo.

Ẹni tó bá ṣáà sọnù, kó dúró síbi tó wà. Kó pa ẹ́ńjìnì, kó tan iná, kó máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kẹ́yìn ni kó padà wá a, kì í ṣe gbogbo yín.

Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín yín: tí eruku bá wà, ẹ jìnnà síra tó láti rí ilẹ̀ níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì yín, ẹ tan iná. Lórí òkè, nínú ẹrẹ̀, àti nínú odò, mọ́tò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ títí ti iwájú fi débi ilẹ̀ líle, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì ti nawọ́ sókè. Fún fèrè, èyí tí àwa ń lò rọrùn: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dúró, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ máa lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta gígùn, wàhálà wà.

Ojú ọ̀nà agbégilódò lẹ wà, ilé iṣẹ́ wọn ni. Ọkọ̀ tó ru igi ńlá kò lè fọwọ́ kan bíréèkì kó dúró lójijì. Ẹ fọn fèrè kí ẹ tó yí kọ́nà tí ẹ ò rí òdìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbúròó rẹ̀, ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Aṣíwájú máa na ìka sí awakọ̀ náà: ìka mẹ́ta, ó túmọ̀ sí pé mọ́tò mẹ́ta ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ yẹn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń fi ìka ti tiwọn náà dá yín lóhùn. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ọlọ́kadà tó gbé gbágùúdá. Òun ló lẹ̀tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ gbígbẹ àárín ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ní abúlé, ẹ rọra rìn, ẹ dúró kí baálẹ̀ tàbí àgbà tó bá wà níta. Ẹ má tẹ kòkó tí wọ́n sá sétí ọ̀nà. Owó ilé ìwé ọmọ ẹnì kan lẹ tẹ̀ yẹn.

Táyà

Ohun tó kéré jù lówó, tó sì ń ṣiṣẹ́ jù, ni kí ẹ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù. Táyà tó bá rọ̀ díẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀, ojú tó fi di ilẹ̀ mú á gùn sí i. Tó bá jẹ́ 35 psi (òǹkà afẹ́fẹ́ tó wà lójú géèjì) lẹ fi rìn lórí títì, ẹ mú un wá sí bíi 26 fún ọ̀nà oko tó le, sí bíi 22 fún ẹrẹ̀, àti 18 sí 20 fún iyanrìn tó jìn ní ìhà Wọ́tásáìdì, níbi Ìbíadé àti Ìwọ̀pin. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tí ẹ bá yí kọ́nà lójijì, táyà lè bọ́ kúrò lára irin rẹ̀. Tí táyà bá ti rọ̀ báyìí, ẹ má sáré kọjá 40 kìlómítà láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ka géèjì. Ọmọbìnrin mi ló ń ṣe tiwa: ó máa ń fi igi kékeré tẹ imú fáàfù, á ka ení èjì dé ogún, á dúró, á fi géèjì wò ó, á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ pẹ̀lú báírò. Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí tókù, kì í jẹ́ ká lọ.

Ẹrẹ̀, afárá àti odò

Ibi tí agbégilódò bá ti kọjá nígbà òjò, ipa táyà rẹ̀ máa ń jìn, ilẹ̀ àárín á wá ga bí ebè. Tí ẹ bá ki táyà yín bọ inú ipa méjèèjì, ikùn jíìpù á jókòó sórí ebè yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí lófìfo. Ẹ gbé táyà apá kan sórí ebè àárín, kí ẹ gbé apá kejì sí etí ọ̀nà. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ wò. Ẹrẹ̀ tí bàtà yín bá wọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ tó sì kan ilẹ̀ líle nísàlẹ̀, ẹ lè gbà á. Èyí tí kò nísàlẹ̀, ẹ wá ibòmíì.

Nínú ẹrẹ̀, ẹ fi sí 4L, jíà kejì, ẹ wọlé pẹ̀lú eré tó ṣe déédéé, ẹ má dúró, ẹ má tẹná mọ́ ọn lójijì. Tó bá fẹ́ dúró, ẹ fi sítíárìn rọra yí ọ̀tún yí òsì díẹ̀díẹ̀ kí etí táyà lè rí ilẹ̀ tuntun bù jẹ. Tí kò bá rìn mọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ohun tí ẹni tó ń bínú máa ń ṣe ni pé á tẹ̀ ẹ́ títí tí táyà á fi gbẹ́ sàréè fún ara rẹ̀. Nínú iyanrìn, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ kàn gbẹ́sẹ̀, á dúró fúnra rẹ̀.

Tí mọ́tò bá kú lórí òkè, ẹ tẹ bíréèkì pinpin, ẹ fi sí jíà ẹ̀yìn, ẹ gba ojú ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè padà wálẹ̀ tààrà. Ẹ má gbìyànjú láti yí i lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ṣe ń ṣubú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, 4L, jíà kìíní, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ dá yín dúró.

Afárá igi, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èrò á fẹsẹ̀ kọjá. Ẹ yẹ igi wò níkọ̀ọ̀kan, pàápàá ibi tó jókòó sí ní bèbè méjèèjì, torí ibẹ̀ ló ń jẹrà. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa dúró lódìkejì tí á máa fi ọwọ́ júwe. Awakọ̀ á gbójú lé ọwọ́ rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ti ẹlòmíì.

Odò tí ẹ kò bá lè fẹsẹ̀ là kọjá, ẹ má fi mọ́tò là á. Àgbàlagbà kan á mú igi gígùn lọ́wọ́, á wọ̀ ọ́, á máa gún ilẹ̀ wò níbi tí táyà méjèèjì máa gbà. Omi pupa máa ń bo kòtò àti kùkùté mọ́lẹ̀. Tó bá kọjá orúnkún, tàbí tó ń ṣàn tó lè bi èèyàn, ẹ yípadà. Ọjọ́ ò bàjẹ́, ẹ máa jẹun létí odò, ẹ máa lọ sílé. Tí ẹ bá máa gbà á, ẹ jẹ́ kí mọ́tò sinmi díẹ̀ kó tutù, torí irin gbígbóná tó bá já sómi tútù lójijì máa ń fa omi sínú dífí, àpò jíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ ṣí gíláàsì, 4L, jíà kìíní, ẹ rọra wọ̀ ọ́, kí ẹ wá sáré díẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìgbì kékeré kan á máa lọ níwájú bọ́ńpà yín. Ẹ má yí jíà nínú omi. Lódìkejì, ẹ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kó lè gbẹ.

Tí mọ́tò bá rì

Ṣọ́bìrì ló ṣáájú okùn. Ẹ gbẹ́ iwájú táyà àti abẹ́ ikùn, ẹ dín afẹ́fẹ́ kù sí i, ẹ ki pákó sábẹ́ táyà, ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn bọ́ sí ojú ipa tí ẹ gbà wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti jáde nìyẹn. Tí kò bá jáde, ẹni tó wà lẹ́yìn, lórí ilẹ̀ líle, ni kó fà á sẹ́yìn.

Okùn yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe. Nígbà kan, a so okùn ọ̀rá tí a rà lọ́jà mọ́ irin róbótó tí wọ́n fi ń fa tírélà. Irin yẹn ló já. Ó fò bí ọta ìbọn, ó gba gíláàsì ẹ̀yìn wọlé, ó sì sùn sórí àga tí ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Èmi ni mo so ó. N kò jẹ́ so ó mọ́ ibẹ̀ mọ́ láyé.

Ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ férémù mọ́tò, tàbí tí wọ́n fi bóòtù ńlá dè mọ́ ọn, nìkan ni kí ẹ so okùn mọ́. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà. Ẹ má fi irin so okùn méjì pọ̀. Ẹ ju ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò tó wúwo sí àárín okùn, kó lè fà á bọ́lẹ̀ tí okùn bá já. Tí okùn bá gùn tó mítà 10, ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú mọ́tò méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 15, kó má sì dúró lójú ìlà okùn. Àwọn ọmọ á wà lẹ́yìn igi ńlá pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú wọn síbẹ̀ lọ. Ẹ rọra fà á títí okùn á fi le kí ẹ tó tẹná. Ẹ má fi okùn ọ̀rá lásán sáré fà á lójijì rárá.

Oúnjẹ àti àwọn ọmọ

Ìwọ̀nba wákàtí méjì ni ọmọ lè fara da kí ó tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gé ìrìn kúrú. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín kì í ṣe bí ẹ ṣe jìnnà tó, bí kò ṣe bóyá ọmọ tó kéré jù á fẹ́ padà wá lọ́jọ́ mìíì.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ ń kọjá. Ẹ fi wèrèpè han àwọn ọmọ kí wọ́n tó sáré kiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Bẹ́líìtì àga wà fún gbogbo ènìyàn, kódà lórí ọ̀nà oko. Ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn Hilux níta. Omi lítà 3 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan.

Lóúnjẹ, èmi ò mọ ohun tó dáa ju gàárì Ìjẹ̀bú lọ nínú igbó: kíkan rẹ̀, omi tútù láti inú kúlà, ẹpà, ẹja díndín. Àwọn ará Rẹ́mọ inú wa máa ń gbé ẹ̀bìrìpò wá nínú ewé rẹ̀, kò nílò àwo. Ìkọ́kọrẹ dáa tó bá wà nínú fúláàsì tó gbóná. Ẹ gbé gbogbo ọ̀rá padà sílé.

Ìpadàbọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ kọjú sí títì, bó ti wù kí ibẹ̀ dùn tó. Oòrùn wa kì í pẹ́ wọ̀, ilẹ̀ inú igbó sì ń ṣú ṣáájú ti ìta. Ẹ ka orí kí ẹ tó gbéra.

Ẹ fẹ́ táyà padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó gun títì márosẹ̀. Táyà tó rọ̀ tí wọ́n fi sáré lórí ọ̀dà máa ń gbóná títí yóò fi bẹ́. Ẹ yọ 4H kúrò. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú pópó, 122 ni nọ́ńbà Road Safety, 112 ni ti gbogbo pàjáwìrì.

Ẹ má tú ká lórí ìrìn. Ẹ dúró níbì kan, ẹ ka orí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí olúkúlùkù tó gba ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn ló máa gba ìpè gbogbo yín pé ẹ ti délé, kò sì ní sùn títí tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn á fi wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọ abẹ́ mọ́tò dáadáa, ẹrẹ̀ pupa tó gbẹ mọ́ bíréèkì a máa jẹ ẹ́. Tí ẹ bá la odò kọjá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì dífí, kó fi ìka kan ọ́ìlì rẹ̀. Tó bá ṣì dúdú tàbí pupa bó ṣe yẹ, ẹ tì í padà. Tó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ dà á nù, kí ẹ rọ òmíràn sí i kí ẹ tó gbé mọ́tò náà lọ síbikíbi.